Omi Kì í Wọ Àdúgbò Tiwa

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá

Òjò láti ìdájí. Ọ̀sẹ̀ kẹta mi ní Libreville nìyí, n kò sì tíì rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ju ìwé yìí lọ, èyí tí mo rà ní ọjà Nkembo ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin owó sẹ́fà. Ó dá mi lójú pé ẹni tó tà á fún mi rẹ́ mi jẹ. Ẹ̀rín rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Yunifásítì kò tíì wọlé. Wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tí wọ́n sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá náà nìyẹn.

Níbí, èrò ló ń dá iye owó tákísì. Ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ á dúró létí títì, á pariwo ibi tó ń lọ àti iye tó fẹ́ san. Bó bá wu awakọ̀, á fọn fèrè. Bí kò bá wù ú, á kọjá lọ bí ẹni pé òpó iná ló dúró níbẹ̀. Mo pariwo "Atong Abè, ọ̀ọ́dúnrún" títí, ohùn mi kò sì jìnnà ju bàtà mi lọ. Nígbà tó yá, mo fẹsẹ̀ rìn wálé nínú òjò.

Bùrọ̀dá Buraimoh wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo dé, ó ń wo ojú sánmà. Àbúrò ìyá mi ni. Ó ti ń ta símẹ́ǹtì, ọ̀dà àti ìṣó níbí láti ìgbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ìsàlẹ̀ òpópó ni ṣọ́ọ̀bù wà, ilé wa sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo omi òkè ń ṣàn wá. Ó ti to àpò símẹ́ǹtì sórí pákó. Lọ́dún tó kọjá, omi wọlé, símẹ́ǹtì sì di òkúta nínú àpò. Ọjọ́ tí mo dé, kó tó bi mí bóyá ebi ń pa mí, ohun tó sọ ni pé: "Bí omi ò bá mú símẹ́ǹtì mi lọ́dún yìí, wàá lọ sí yunifásítì. Bó bá mú un, wàá bá mi ta èyí tó kù." Mo rò pé àwàdà ni, mo sì rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Oṣù Kẹwàá

Barthélemy, olórí àdúgbò, kọjá lónìí pẹ̀lú obìnrin kan láti mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ń pín ìwé fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ gbẹ́ gọ́tà ńlá kan ní Atong Abè. Ọ̀kan péré ni owó rẹ̀ wà. Àwọn tó ń gbé àdúgbò ni yóò jókòó, tí wọn yóò bá wọn pinnu òpópó tó máa gbà. Ìpàdé àkọ́kọ́ di ọ̀la, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí Fọlákẹ́, ìyàwó Bùrọ̀dá, yí ìwé náà síwá sẹ́yìn bí ẹni ń wo ẹja tí kò dá a lójú. "Ìjọba wo ló ń béèrè ohun tí tálákà ń fẹ́?"

"Ìjọba tó fẹ́ mọ ibi tí tálákà ń gbé ni," Bùrọ̀dá wí.

Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì, Alájì Abdulbaqi wá. Aṣọ ló ń tà, òun sì ni alága àwọn ará wa ní òpópó yìí. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀ kó tó bi mí bóyá mo gbọ́ Faransé. Mo ní mo kà á níwèé.

"Ó dáa. Ìwọ lo máa bá wa túmọ̀ lọ́la. Faransé tiwa, Faransé ọjà ni. Ti ọ́fíìsì ò yé wa."

Zulaikha, ọmọ Bùrọ̀dá, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń tẹ fóònù rẹ̀. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí. Faransé ló fi ń lá àlá, òun ló sì ń fi tèmi ṣe yẹ̀yẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Kí ló dé tí Alájì kò tilẹ̀ yíjú sí i?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹwàá

Orí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n mú wa jókòó sí. Orúnkún àwọn àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Àwọn obìnrin òpópó òkè jókòó lápá kan, àwa tìsàlẹ̀ lápá kejì, bí ẹbí méjì tí wọ́n wá tọrọ ìyàwó.

Obìnrin mérì náà ń jẹ́ Christelle. Kò ju mí lọ púpọ̀. Bàtà òjò aláwọ̀ ewé ló wọ̀, kò sì jókòó sídìí tábìlì. Ó gbé àga rẹ̀ wá sáàárín wa. N kò fọkàn tán ẹni tó bá ń gbé àga wá sáàárín èèyàn.

Ó ní ìlú tí àwọn fẹ́ kọ́ jẹ́ ìlú kan tí yóò ṣeé gbé fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ọ̀rọ̀ tó lò gùn. Mo ronú díẹ̀, mo sì ní, "Ó ní ìlú tó máa tọ́jọ́ làwọn ń fẹ́."

"Aṣọ ló ń tọ́jọ́," Alájì wí. "Bi í pé ta ló máa gbé inú ẹ̀."

Mo bi í. Christelle ní, "Ẹ̀yin ni." Alájì mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ rí.

Ó wá dé ibi tó kan wa. Ó ní gọ́tà náà fẹ̀, pé iwájú àwọn ilé kan lè ní láti sún sẹ́yìn díẹ̀, àti pé ìjọba yóò bá onílé sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ibi "sún sẹ́yìn" ni mo túmọ̀ dé tí ojú gbogbo wọn fi tì pa bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

"Ilé a máa rìn ni?" ẹnì kan bi mí, bí ẹni pé èmi ni mo sọ ọ́.

"Àgbélébùú pupa ló ń bọ̀ yẹn," ẹlòmíràn wí. Àmì tí wọ́n ń fi ọ̀dà kùn sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó ló ń sọ. Mo ti rí ọ̀kan lójú ọ̀nà. Ògiri ṣì wà lóròó, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti lọ.

Christelle béèrè ibi tí omi ń wọ̀. Àwọn obìnrin òkè bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń fọwọ́ kan orúnkún. Nígbà tó kàn wá, gbogbo wa yíjú sí Alájì. Alájì wú ikọ́.

"Sọ fún un pé omi kì í wọ àdúgbò tiwa. Ó kàn máa ń kí wa kọjá ni."

Mo wo Bùrọ̀dá, ẹni tó gbé símẹ́ǹtì sórí pákó. Bùrọ̀dá ń wo pátákó ìkọ̀wé.

Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Christelle rẹ́rìn-ín. "Omi tó mọ̀wà hù," ló wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹwàá

Ìrẹsì tún gbówó lórí. Yunifásítì: ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kẹwàá

Ìpàdé nínú ṣọ́ọ̀bù Alájì, láàárín aṣọ. Christelle ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti bá wa rin òpópó náà já, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i.

Ìlà tí omi fi sílẹ̀ wà lára gbogbo ògiri wa, aláwọ̀ ilẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Èèyàn ní láti sún mọ́ ọn kó tó rí i dáadáa, nítorí ògiri fúnra rẹ̀ ti dọ̀tí. Èmi rí i lọ́jọ́ tí mo dé, torí pé mi ò lẹ́ni tí mo lè wò lójú. Ògiri ni mo ń wò. Èyí tó ga jù ga ju ìbàdí mi lọ.

"Àlejò ń bọ̀," Alájì wí. "A kì í jẹ́ kí àlejò bá ilé wa nídọ̀tí. Kí kálukú kun iwájú ilé ẹ̀. Funfun. Buraimoh á dín owó ọ̀dà kù fún wa."

Ọkùnrin kan tó ń ta fóònù bi í pé bí omi bá wá dé ńkọ́.

"Bó bá dé, a ó gbá a jáde bí a ṣe máa ń gbá a. Ilé tí wọ́n bá wó, ìgbálẹ̀ wo la fi ń gbé e dìde?"

Àwọn yòókù mi orí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìlà yẹn gan-an ni Christelle ń bọ̀ wá wò, àti pé òpópó tí kò ní ìlà kò ní ní gọ́tà. Ẹnu mi ṣí. Alájì yíjú sí mi. "Ṣé o fẹ́ sọ nǹkan ni?"

Mo ní mo fẹ́ kó àwọn ife ni.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kẹwàá

Òpópó wa funfun. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kùn ún. Bùrọ̀dá ta gbogbo ọ̀dà funfun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, n kò sì tíì rí i kó dunnú tó bẹ́ẹ̀. Zulaikha ní a dà bí ọsibítù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kẹwàá

Òpópó òkè ni Christelle àti Barthélemy ti bẹ̀rẹ̀. Alájì ní kí n tẹ̀ lé wọn, kí n gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ. Àwọn obìnrin ibẹ̀ kò gbálẹ̀. Wọ́n gbé mátírẹ́ẹ̀sì tó ti jẹrà síta, wọ́n fi í ti ògiri. Ọ̀kan fa Christelle lọ́wọ́ wọlé pé kó ki orí bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù kó gbóòórùn rẹ̀. Christelle gbọ́ tirẹ̀, ó ki orí bọ̀ ọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ tiwa, a ti gbálẹ̀, a ti to àga, Àǹtí Fọlákẹ́ ti din púfúpúfù, ohun mímu tútù wà lórí tábìlì. Barthélemy jẹ, ó sì jẹ́ ká mọ̀ pé òun ń jẹ. Christelle dúró níwájú ògiri ṣọ́ọ̀bù wa, ó fi ìka kan kàn án. Ìrì kò jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ láti ọjọ́ Àìkú. Ó wo ìka rẹ̀.

"Ibo ni omi ń ga dé níbí?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Bùrọ̀dá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan kókósẹ̀. "Kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀," ó wí.

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Èmi ni Christelle ń wò, kì í ṣe Bùrọ̀dá. "Ṣé ohun tó sọ nìyẹn?"

"Ohun tó sọ nìyẹn."

Ó fi aṣọ ìnujú nu ìka rẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, Christelle rọra sọ fún Barthélemy pé púfúpúfù yẹn dára ju ti ìyá òun lọ, ṣùgbọ́n kí ìyá òun má gbọ́. Ó sáré sọ ọ́, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. N kò túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bùrọ̀dá rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹwàá

Yunifásítì wọlé. Gbọ̀ngàn ńlá, èrò púpọ̀, àyè sì ṣófo lọ́tùn-ún àti lósì mi.

Christelle pè mí lórí fóònù. Barthélemy ló fún un ní nọ́ńbà mi. Ta ló fún Barthélemy? Ó ní mérì ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò máa bá wọn túmọ̀ fáwọn oníṣòwò wa níbí àti ní àdúgbò Kalikak, jálẹ̀ ọdún tí ètò náà yóò fi wà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó fún ni. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: bí símẹ́ǹtì tilẹ̀ bàjẹ́, màá lè san owó ilé ìwé fúnra mi.

"Mo nílò ẹni tí mo lè gbọ́kàn lé ọ̀rọ̀ rẹ̀," ó wí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi? Ṣé ògbufọ̀ ló fẹ́ ni, àbí amí? Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Oṣù Kẹwàá

Ìpàdé kejì. Wọ́n fi àwòrán àdúgbò kọ́ ara ògiri, wọ́n sì fún wa ní bébà pupa róbótó-róbótó ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí omi ń wọ̀. Òpópó òkè pupa bí ẹ̀yìn ọmọ tí ooru mú. Tiwa mọ́ tónítóní.

Gọ́tà náà di ti òkè. Àwọn ará wa bọ ara wọn lọ́wọ́ lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Kò sí àgbélébùú pupa, kò sí wàhálà.

Lẹ́yìn náà ni Christelle na igi sí àwòrán náà. Ó ní owó kò lè gbé gọ́tà náà dé odò lọ́dún yìí. Yóò dúró ní ẹnu òpópó ìsàlẹ̀, ìyókù yóò sì wáyé nígbà tí owó bá dé. Nígbà tó jẹ́ pé àwọn tìsàlẹ̀ ti sọ pé omi kò yọ wọ́n lẹ́nu, ó ní àwọn rò pé ibẹ̀ yóò lè gbà á.

Ẹnu òpópó ìsàlẹ̀, ẹnu ọ̀nà wa nìyẹn. Gbogbo omi òkè, tí ó ń fọ́nká tẹ́lẹ̀, yóò gba ojú kan ṣoṣo wá bá wa.

N kò tíì yanu tí ojú Bùrọ̀dá fi le. Ọwọ́ Alájì dúró lórí tẹ̀súbáà. Mo wò wọ́n, lẹ́yìn náà mo túmọ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn méjèèjì tún ṣe bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ.

"Háà," Alájì wí. "Ẹnu òpópó wa?"

Wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kí wá ni iṣẹ́ mi?

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Kọkànlá

Ìsinmi, ọjọ́ tí àwọn ọmọ Kìrìsìtẹ́nì ń rántí òkú wọn níbí. Ibojì ni gbogbo ìlú ń lọ, òdòdó kún inú tákísì. Zulaikha ń di irun fún mi. Mo fi ọgbọ́n bi í bóyá bàbá rẹ̀ gbọ́ Faransé dáadáa.

"Pàpá? Ó máa ń bá àwọn aṣọ́bodè jà lórí fóònù. Ó máa ń ka ìwé ìròyìn, ó máa ń bú wọn." Yorùbá rẹ̀ ń tiro bí ẹni tí ẹ̀gún gún.

"Kí ló dé tí wọn ò ní kí ìwọ máa túmọ̀ fún wọn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi? Tí wàhálà bá dé, ta ló máa gbà pé èmi ni mo ṣì í túmọ̀?"

Ó sọ ọ́ lásán, ó sì ń bá irun lọ. Orí mi tutù lábẹ́ òòyà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kọkànlá

Òjò náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kíláàsì. Nígbà tí mo máa fi dé ìta òpópó wa, ọ̀nà ti di odò, àwọn èèyàn sì ń ru bàtà lórí. Mo wọ inú rẹ̀. Omi náà tutù, ó ń fa ẹsẹ̀, nǹkan kan tí n kò fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀ kọ lù mí nítan.

Bùrọ̀dá wà nínú ṣọ́ọ̀bù, omi dé ibi ìgbànú rẹ̀. Ó gbé àpò símẹ́ǹtì kan mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́, ó ń wá ibi tó máa gbé e sí, kò sì síbì kankan. Àǹtí Fọlákẹ́ dúró lórí tábìlì, ó ń gba ohun tí Zulaikha bá nà sí i: ọ̀dà, ìṣó, rédíò, Kùránì. Mo wọ àárín wọn. A gbé èyí tí a lè gbé. Pákó tó wà lábẹ́ símẹ́ǹtì léfòó, gbogbo rẹ̀ sì yí dànù lẹ́ẹ̀kan náà, kò tilẹ̀ dún.

Nígbà tí omi fà, Bùrọ̀dá jókòó sórí àpò tó rin gbingbin. Ó wò mí fúngbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo dé. "O tutù," ó wí. "Lọ pààrọ̀ aṣọ."

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kọkànlá

Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin símẹ́ǹtì náà ti bàjẹ́. Ìdá kan ló kù. Wọn ò sì tíì gbẹ́ gọ́tà òkè o.

Oòrùn yọ lónìí, mo sì rí i láti iwájú mọ́sáláṣí: ìlà kan ṣoṣo, aláwọ̀ ilẹ̀, lórí funfun, láti ṣọ́ọ̀bù kìn-ín-ní dé ìkẹyìn, bí ẹni fi rúlà fà á. Tẹ́lẹ̀, àfi kéèyàn sún mọ́ ọn. Ní báyìí, ẹni tó wà nínú tákísì tó ń sáré yóò rí i. Alájì ní kí a tún un kùn kíá. Bùrọ̀dá ní kò sí ọ̀dà funfun mọ́. Gbogbo rẹ̀ ló wà lára ògiri.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kọkànlá

Alájì wá lẹ́yìn ìrun. Ó bi mí léèrè ìwé mi, ìlera mi, ìyá mi nílé. Nígbà tí àgbà bá béèrè nǹkan tó pọ̀ tó yẹn, ó ti ní ohun kan tó fẹ́ gbà.

"Ìpàdé ìkẹyìn di Ọjọ́rú. A fẹ́ kí gọ́tà yẹn dé odò, kí ó sì ti ọ̀dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀. Wàá dìde, wàá ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Wàá ní ìbàdí la sọ, kókósẹ̀ lo túmọ̀."

"Wọ́n rí ọwọ́ Bùrọ̀dá, sà."

"Ọwọ́ a máa yẹ̀." Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí aṣọ tó ń tà. "Ọmọdé ni ẹ́. Wọn ò ní bínú sí ẹ."

"Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, Alájì," Àǹtí Fọlákẹ́ wí láti ibi tó ti ń fọ aṣọ tó rẹ nínú ẹrẹ̀. "Ẹnu àgbà ló dì í, ẹnu àgbà ni kó tú u."

"Àgbà tó bá tú ohun tó dì níwájú èrò, kí ló kù fún un? Ta ló tún máa gbọ́ tiwa ní mérì?"

Nígbà tí Alájì lọ tán ni Bùrọ̀dá tó ní, "Owó ilé ìwé ẹ wà nínú símẹ́ǹtì yẹn, Ummu. Bí omi bá tún wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, mo kógbá sílé." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń tọrọ gáfárà. N kò mọ̀ bóyá ó ń tọrọ gáfárà lóòótọ́ tàbí ó ń dúnàádúrà.

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kọkànlá

Christelle fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ṣé o ti rò ó?" N kò tíì dáhùn. Ta ló máa gba ògbufọ̀ tó gbọ́ ìbàdí tó sọ kókósẹ̀? Bí mo bá sì sọ òótọ́ tó wà nídìí rẹ̀, n ó ti pe àbúrò ìyá mi ní òpùrọ́ nílẹ̀ àlejò, lórí ẹní tí ó tẹ́ fún mi.

N kò lè jẹun. Zulaikha bá mi jẹ tèmi.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kọkànlá

Gbogbo ará òpópó wa wá, títí kan àwọn tí kì í wá. Èmi jókòó ní ìkángun bẹ́ǹṣì. Christelle ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ dìde kí wọ́n tó fọwọ́ sí ètò náà.

"Ummusalamah," Alájì pè mí lórúkọ mi pátá. "Dìde."

N kò dìde.

Kì í ṣe pé mo pinnu rẹ̀. Mo wo ọwọ́ mi lórí itan mi, mo sì rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú mi tó jẹ́ tèmi láti sọ. Alájì tún pè mí. Ẹnì kan gún mi níhà. Barthélemy wo aago. Àwọn obìnrin òkè bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ìtìjú mú mi débi pé etí mi ń hó, ṣùgbọ́n ìtìjú ni mo mọ̀ jù láyé yìí; mo lè jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́.

Bẹ́ǹṣì kan dún. Bùrọ̀dá ló dìde.

"Màdáámù," ó wí, ní Faransé, "omi náà dé ibí." Ó gbé ọwọ́ lé ìgbànú rẹ̀. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Lọ́dún tó kọjá, ó dé ibí." Ó gbé e wá sílẹ̀ díẹ̀. "Ọmọ yìí kò ṣì í túmọ̀. Èmi ni mo fọwọ́ kan kókósẹ̀. Ẹ̀rù àgbélébùú pupa ló bà wá."

Kò sí Faransé ọjà kankan nínú rẹ̀. Ó mọ́ ju tèmi lọ.

Christelle gbójú sókè. "Ẹ gbọ́ Faransé, Mùsíọ̀."

"Ó ti ju ogún ọdún tí mo ti ń gbé ibí, Màdáámù."

"Ọ̀dà funfun yẹn ńkọ́?"

"Èmi ni mo tà á."

Àwọn obìnrin òkè bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan sì fò dìde pé ẹ̀rín kọ́, pé a fẹ́ fi ẹkún gba gọ́tà àwọn ni, pé ẹni tó bá purọ́ lẹ́ẹ̀kan yóò pa á lẹ́ẹ̀kejì. Òótọ́ ló sọ. Ìbá jẹ́ èmi ni mo wà níbùjókòó rẹ̀, ohun tí màá sọ nìyẹn. Christelle ní kò sẹ́ni tó máa gba gọ́tà ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sí gọ́tà tí wọ́n ń tú sínú ilé ẹlòmíràn. Ó ní kí àwa tìsàlẹ̀ fi ibi tí omi dé hàn òun, kálukú lára ara rẹ̀.

Ọkùnrin tó ń ta fóònù dìde, ó fọwọ́ kan itan. Àwọn méjì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn wà lóròó, ọwọ́ lórí ìbàdí, lórí ìdodo, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ láàárín bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, wọn kò wo ojú ara wọn. Alájì ló dìde kẹ́yìn. Ó kúrú ju àwọn yòókù lọ. Ó gbé ọwọ́ lé ọmú rẹ̀, ó sì wo òkè àjà.

Christelle kò ṣèlérí. Ó ní àwọn á wá wọn ìlà náà lọ́jọ́ Ẹtì, kí wọ́n tó pinnu, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ògiri.

Ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé o mọ̀, lọ́jọ́ tí mo bi ẹ́?"

"Mo mọ̀."

"O sì ní ohun tó sọ nìyẹn."

"Ohun tó sọ nìyẹn."

Ó ní òun á tún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn rò. Bí wọ́n ṣe ń sọ "rárá" ní ọ́fíìsì nìyẹn, mo rò.

Bùrọ̀dá rìn níwájú mi títí a fi délé. Ní ẹnu ọ̀nà, láìyíjú padà, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o le." N kò mọ ohun tó ní lọ́kàn.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n wá. Mo rò pé wọn kò ní wá. Christelle àti ọkùnrin kan tó gbé téèpù àti igi gígùn alámì. Obìnrin òpópó òkè tó pè wá ní òpùrọ́ tẹ̀ lé wọn, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i.

Kò sí púfúpúfù. Bùrọ̀dá fúnra rẹ̀ ló di ìsàlẹ̀ téèpù mú mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò, ó sì ń ka iye rẹ̀ síta ní Faransé bí wọ́n ti ń bọ́ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Alájì ní kí wọ́n wọn tòun lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin téèpù kò bi wá ní nǹkan kan. Ó ń kọ, ó ń kọjá. Bóyá èyí dára ni o, bóyá kò dára ni o, ojú rẹ̀ kò sọ.

Nígbà tí wọ́n dé ògiri wa, Bùrọ̀dá ka iye rẹ̀. Christelle kò kọ ọ́. Ó yíjú sí mi, gégé ìkọ̀wé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Bùrọ̀dá ń wò mí. Obìnrin òkè náà ń wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ojú mi bá ìlà náà dọ́gba, mo sì ka téèpù náà fúnra mi kí n tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.